Catfish Inú Odò Iowa: Ohun Tí Àwọn Èèyàn Máa Ń Béèrè

Ní ìpínlẹ̀ Iowa ní Amẹ́ríkà, àwọn odò bíi Cedar, Wapsipinicon, Iowa àti Des Moines ń la oko àgbàdo àti sóyà kọjá kí omi wọn tó já sí Mississippi. Lẹ́yìn òjò, omi wọn a pọ́n bí ẹrẹ̀. Inú omi pípọ́n yẹn gan-an ni ẹja tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ ń gbé, ìyẹn channel catfish. Púpọ̀ nínú ìdáhùn wọ̀nyí bá Illinois, Missouri, Wisconsin àti Minnesota náà mu, àfi tó bá kan òfin. Níbi tí òfin bá ti yàtọ̀, a ó sọ.

Ṣé àrọ̀ ni ẹja yìí?

Rárá o. Àṣìṣe yìí ló sì ń bí ọ̀pọ̀ àṣìṣe mìíràn. Ẹni tó bá rí irùngbọ̀n rẹ̀ àti ara rẹ̀ tí kò ní ìpẹ́, àrọ̀ ni yóò pè é. Ẹ wo ìrù rẹ̀: ti àrọ̀ rí roboto, ti channel là sí méjì. Ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀: lẹbẹ àrọ̀ gùn láti ẹ̀yìn orí títí dé ìdí ìrù, kò sì ní ẹ̀gún, ti channel kúrú, ó dúró ṣánṣán, ẹ̀gún líle kan wà níwájú rẹ̀, lẹbẹ kékeré olọ́ràá kan sì tún wà nítòsí ìrù. Òbòkún ló fi ara jọ.

Ìyàtọ̀ tó ṣe pàtàkì jù kò hàn sójú. Àrọ̀ lè mí afẹ́fẹ́, ìdí nìyẹn tó fi ń wà nínú ọpọ́n lọ́jà látàárọ̀ dalẹ́ pẹ̀lú omi díẹ̀. Channel kò lè ṣe é. Ẹni tó bá kó o sínú korobá omi gbígbóná kan, tó ní òun ń gbé e lọ sílé láàyè, òkú ẹja tó ti ń rà ni yóò bá nílé.

Àwọn ìbátan rẹ̀ tí ẹ tún lè fà jáde nìwọ̀nyí. Flathead: orí rẹ̀ pẹlẹbẹ, àgbọ̀n ìsàlẹ̀ rẹ̀ yọ síwájú ju tòkè lọ, ìrù rẹ̀ kò là. Blue: ìrù tirẹ̀ là bíi ti channel, ṣùgbọ́n etí lẹbẹ abẹ́ ikùn rẹ̀ gún bí ẹni fi rúlà gé e, nígbà tí ti channel tẹ̀ roboto, inú àwọn odò ńlá bíi Mississippi àti Missouri ló pọ̀ sí. Bullhead: kékeré, ìrù rẹ̀ kò là, ó fẹ́ràn omi tó dákẹ́.

Ṣé dandan ni láísẹ́ǹsì?

Dandan ni, bí ẹ bá ti pé ọmọ ọdún 16 ní Iowa, Illinois, Missouri, Wisconsin tàbí Minnesota. Ní Indiana, ọdún 18 ni. Wọn kì í béèrè bóyá ọmọ orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà ni yín. Bóyá ẹ ń gbé ní ìpínlẹ̀ náà ni wọ́n ń béèrè, torí owó àlejò ju ti onílé lọ. Ẹ lè rà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì tàbí ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta ìdẹ.

Ẹ fojú sí ọjọ́ tó ń parí. Ti Illinois máa ń ṣiṣẹ́ títí di ọjọ́ 31 oṣù Kẹta, ti Missouri títí di ìparí oṣù Kejì. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń rò pé 31 oṣù Kejìlá ni gbogbo rẹ̀ ń parí.

Ní Iowa, okùn méjì lẹ lè jù sódò lẹ́ẹ̀kan náà, ìwọ̀ méjì lórí okùn kọ̀ọ̀kan. Iye catfish tí ẹnì kan lè kó lóòjọ́ jẹ́ 15 nínú àwọn odò àárín ìpínlẹ̀ àti 8 nínú adágún. Òfin ń yí padà, torí náà ẹ gba ìwé òfin ọdún yẹn lọ́dọ̀ Iowa Department of Natural Resources; ọ̀fẹ́ ni. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹfà lọ́dọọdún, ọjọ́ mẹ́ta wà tí ará Iowa lè pẹja láìní láísẹ́ǹsì. Ọjọ́ yẹn ló dáa láti fi dán an wò bóyá ọ̀rọ̀ odò yìí bá yín lára mu.

Ibo ni mo lè dúró sí láìsí pé ẹnikẹ́ni lé mi?

Ìbéèrè yìí ló yẹ kó ṣáájú ti ìwọ̀ àti ìdẹ. Omi tó ń ṣàn lè jẹ́ ti gbogbo ayé kí ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ má jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ní Iowa, ìjọba ló ni ilẹ̀ abẹ́ àwọn apá odò ńlá tí òfin pè ní meandered. Nínú àwọn odò kéékèèké, àgbẹ̀ tó ni oko ló ni ilẹ̀ abẹ́ omi. Ẹ lè fi ọkọ̀ àjẹ̀ kọjá lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n bí ẹ bá sọ̀kalẹ̀ tí ẹsẹ̀ yín kan ìsàlẹ̀, ilẹ̀ onílẹ̀ lẹ tẹ̀ yẹn. Ní Wisconsin, ọ̀rọ̀ yàtọ̀: níwọ̀n ìgbà tí ẹsẹ̀ yín bá ṣì wà nínú omi, ẹ lè máa rìn lọ nínú odò tí ọkọ̀ lè gbà, bí ẹ bá ti gba ibi tó tọ́ wọ̀ ọ́.

Bí ẹ bá rí ọ̀dà aláwọ̀ àlùkò lára igi tàbí òpó ọgbà ní Missouri tàbí Illinois, kì í ṣe ọ̀ṣọ́. "Má wọlé" ló túmọ̀ sí lábẹ́ òfin, bí kò tilẹ̀ sí pátákó kankan níbẹ̀.

Ọ̀nà tó rọrùn jù ni ọgbà ìjọba káúńtì. Káúńtì 99 ló wà ní Iowa, gbogbo wọn ló ní ìgbìmọ̀ tó ń tọ́jú igbó àti odò, ọ̀pọ̀ ọgbà wọn ló sì ní ibi tí wọ́n ti ń ti ọkọ̀ ojú omi wọlé. Ọ̀nà kejì ni kí ẹ tọrọ àyè lọ́wọ́ àgbẹ̀. Ẹ lọ ní ọ̀sán, kí ẹ kan ilẹ̀kùn, kí ẹ sọ orúkọ yín, iye èèyàn tí ẹ jẹ́ àti àkókò tí ẹ máa lọ. Má ṣe gbé mọ́tò dí ẹnu géètì oko. Ẹ̀rọ tó ń kórè àgbàdo fẹ̀ ju bí ẹ ṣe rò lọ. Géètì tí ẹ bá ní títì, ẹ tì í padà. Èyí tí ẹ bá ní ṣíṣí, ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, torí màlúù lè wà lódìkejì tó fẹ́ gba ibẹ̀ lọ mu omi.

Oṣù wo ló dára jù?

Láti ìgbà tí yìnyín bá ti yọ́ títí di oṣù Kẹwàá, àmọ́ ọ̀nà rẹ̀ kì í ṣe ọ̀kan náà. Ní oṣù Kẹta sí Kẹrin, òtútù ti pa ọ̀pọ̀ ẹja shad, ìbátan ṣáwá, òkú wọn sì ti léfòó dé etí omi. Òun ni catfish ń jẹ nígbà náà. Shad tó ti rùn díẹ̀, tí ẹ gé wẹ́lẹwẹ̀lẹ, kò ní alábàádíje. Ní oṣù Karùn-ún, òjò ń gbé odò ga, ẹja sì ń rìn.

Nígbà tí omi bá gbóná dé nǹkan bí 75 sí 80 lórí òṣùwọ̀n Fahrenheit (24 sí 27 Celsius), wọ́n á wọ ihò lọ yé ẹyin. Akọ ló máa ń ṣọ́ ẹyin, kì í sì í bìkítà fún oúnjẹ. Bí ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì bá kọjá nígbà yẹn tí ẹ kò rí nǹkan kan mú, kì í ṣe ẹ̀bi ìdẹ yín. Ní oṣù Keje àti Kẹjọ, ẹ lọ ní ìdájí tàbí lálẹ́. Tó bá di oṣù Kẹsàn-án, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í kó lọ sínú ibú tí wọ́n máa fi ṣe ilé nígbà òtútù.

Báwo ni mo ṣe máa mọ ibi tí ẹja wà nínú odò tó gùn tó báyìí?

Ibi ló ń pa ẹja ju ìdẹ lọ. Ẹ̀dọ̀ adìyẹ tó dára jù láyé, bí ó bá wà lórí yanrìn pẹrẹsẹ láàárín odò, ọ̀sán ni yóò bá a níbẹ̀.

Ẹ wá kọ́nà odò. Níbi tí odò bá ti yí, omi ń sáré gbá bèbè ìta, ó ń gbẹ́ ẹ, ibẹ̀ ló ń di ibú. Bèbè inú lódìkejì ni yanrìn ń kó jọ sí. Bèbè tí omi ń gbẹ́ yìí náà ni igi ti ń wó sódò. Bí igi kan bá wó, á gbá òmíràn mú, ẹ̀ka á kó jọ, pàǹtí á dí i, títí yóò fi di òkìtì igi. Channel catfish kì í fẹ́ bá ìṣàn omi jà látàárọ̀. Ẹ̀yìn àti abẹ́ òkìtì igi yẹn ló ń sinmi sí. Iwájú rẹ̀ ló ń jáde sí nígbà tí ebi bá pa á.

Nítorí náà, ẹ dúró lókè odò sí òkìtì igi, kí ẹ ju ìdẹ sí iwájú rẹ̀ ní bí ẹsẹ̀ bàtà 10 sí 20. Omi yóò gbé òórùn ìdẹ wọ inú igi lọ. Gbogbo awọ ara catfish ló ń tọ́ adùn, kì í ṣe ahọ́n àti irùngbọ̀n nìkan, ìyẹn ló fi ń rí oúnjẹ nínú omi tí ojú kò lè rí nǹkan kan. Ẹ fún un ní ìṣẹ́jú 15 sí 20. Bí nǹkan kan kò bá fọwọ́ kàn án, ẹ ju ìdẹ sí ẹ̀gbẹ́ òkìtì náà, níbi tí omi tó ń sáré àti omi tó dákẹ́ ti pàdé. Ẹ máa rí ìlà náà lójú omi, fọ́ọ̀mù àti ewé ń tọ̀ ọ́ lọ. Ìṣẹ́jú 15 mìíràn. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣí lọ síbi òkìtì igi tó kàn. Àwọn tó ń mú ẹja púpọ̀ lójúmọ́ kan máa ń dé ibi mẹ́jọ sí mẹ́wàá. Àwọn tó gbé àga kalẹ̀ síbi kan láti àárọ̀, oorun ni wọ́n ń mú lọ sílé.

Kì í ṣe gbogbo igi ló ní ẹja lábẹ́. Òkìtì tó wà nínú omi tí kò jìn ju orúnkún lọ kò wúlò lọ́sàn-án. Èyí tí ibú wà lábẹ́ rẹ̀ tàbí lẹ́yìn rẹ̀, tí ìṣàn sì ń kàn án tààrà, òun ni kí ẹ máa wá. Lójú Mississippi, òkúta tí iléeṣẹ́ Army Corps of Engineers tò wọ inú odò láti ti ìṣàn sí àárín ń ṣe iṣẹ́ kan náà. Wing dam ni wọ́n ń pè é. Ẹ ṣọ́ra fún un bí ẹ bá wà nínú ọkọ̀, torí ó lè wà ní ẹsẹ̀ bàtà méjì péré lábẹ́ omi.

Irinṣẹ́ wo ni kí n rà?

Ọ̀pá tó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 7, èyí tí wọ́n kọ medium-heavy sí lára. Rílì, ìyẹn kẹ̀kẹ́ tó ń ká okùn, tó lè gba okùn ọ̀rá oní-pọ́n-ùn 15 ní bíi yáàdì 200. Ìwọ̀ circle, èyí tí ẹnu rẹ̀ tẹ̀ wọnú, láti 1/0 dé 3/0. Òjé láti áńsì 1 dé 3. Swivel, ìyẹn irin kékeré tó ń yí kí okùn má baà lọ́, ìlẹ̀kẹ̀ ike, ẹ̀mú tó gùn lẹ́nu, ọ̀bẹ. Ó parí. Owó tí ẹ bá fẹ́ fi ra ọ̀pá kejì, ẹ fi ra bàtà rọ́bà tó dé orúnkún.

Òjé roboto máa ń yí lórí yanrìn títí yóò fi gbé ìdẹ padà sí etí bèbè lẹ́sẹ̀ yín. Níbi tí omi bá ti ń sáré, ẹ lo èyí tó pẹlẹbẹ.

Báwo ni mo ṣe máa so gbogbo rẹ̀ pọ̀?

1. Ki okùn tó wá láti ara rílì bọ inú ihò òjé. Kò gbọdọ̀ sí kókó níbẹ̀. Ó yẹ kí òjé lè máa yọ̀ lọ yọ̀ bọ̀ lórí okùn, kí ẹja lè fa ìdẹ láìmọ̀ pé ẹrù wà lára rẹ̀.
2. Ki ìlẹ̀kẹ̀ ike kan tẹ̀ lé e, kí òjé má baà máa lu kókó.
3. So swivel mọ́ ẹnu okùn.
4. Gé okùn mìíràn ní íǹṣì 12 sí 18, so ó mọ́ etí kejì swivel, kí o so ìwọ̀ mọ́ ìparí rẹ̀. Bí omi bá ń sáré gan-an, gé e kù sí íǹṣì 6. Èyí tó gùn á máa fì kiri títí yóò fi kọ́ igi.

Kókó tó tó fún gbogbo rẹ̀: ki okùn bọ ojú ìwọ̀, yí i ká ara rẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀marùn-ún sí méje, dá ẹnu rẹ̀ padà sínú ihò kékeré tó wà lẹ́bàá ìwọ̀, kí o sì tún kì í bọ ihò ńlá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ là. Fi itọ́ rin ín kí o tó fà á le. Kókó tí wọ́n fà ní gbígbẹ máa ń gbóná, okùn á sì gọ níbẹ̀. Ibẹ̀ náà ni yóò ti já lọ́jọ́ tí ẹja gidi bá dé.

Ìdẹ wo?

Ẹkòló ńlá tí wọ́n ń pè ní nightcrawler ń ṣiṣẹ́ nígbà gbogbo, ẹja wẹ́wẹ́ á sì máa jà sí i. Ẹ̀dọ̀ adìyẹ dára láti oṣù Karùn-ún lọ. Ìdẹ wàràkàṣì olóòórùn, èyí tí ẹ máa rì ìwọ̀ sínú rẹ̀, dára nígbà ooru. Fún òun, ẹ lo ìwọ̀ olórí mẹ́ta nọ́ńbà 6 tàbí ike tó ní ìlà lára kó lè dì í mú. Ẹja tí ẹ gé, tata, àti edé odò tó ní ẹ̀mú bí akàn náà ń ṣiṣẹ́. Flathead kì í sábà wo òkú ìdẹ. Ẹja ààyè ló ń fẹ́.

Ẹ má ṣe gbé ẹja ààyè láti odò kan lọ sí òmíràn, tàbí kọjá ààlà ìpínlẹ̀. Minnesota kì í gba ẹja ìdẹ ààyè wọlé láti ìta. Ẹkòló tó kù náà, inú pàǹtí ni kí ẹ dà á sí. Ó máa ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu pé kò sí ẹkòló nínú igbó àríwá Minnesota àti Wisconsin tẹ́lẹ̀. Àlejò ni, ó sì ń jẹ ewé tó bo ilẹ̀ igbó títí ilẹ̀ fi ń wà níhòòhò.

Ẹ̀dọ̀ adìyẹ mi ń já bọ́ nígbàkígbà tí mo bá jù ú.

Ó ti gbóná ni. Ẹ̀dọ̀ tó ti wà nínú oòrùn fún wákàtí kan ti di omi. Ẹ fi í sínú kúlà lórí yìnyín, kí ẹ máa mú ẹyọ kan jáde lẹ́ẹ̀kan. Ẹ ki ìwọ̀ gba ibi tó le nínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì tàbí mẹ́ta, tàbí kí ẹ wé e sínú ègé sítọ́kìn obìnrin, kí ẹ fi òwú dì í. Ẹ má sì fi agbára na ọ̀pá bí ẹni ń na pàṣán. Ẹ fì í jẹ́jẹ́.

Ọ̀pá gbọ̀n, mo fà á kíá, kò sí ẹja.

Fífà yẹn ló ba nǹkan jẹ́. Ìwọ̀ circle kì í fẹ́ kí èèyàn já a gbà. Ẹ jẹ́ kí ọ̀pá tẹ̀ wálẹ̀, kí ó sì dúró bẹ́ẹ̀, kí ẹ wá máa ká rílì lọ. Ìwọ̀ á yí fúnra rẹ̀ wọ igun ẹnu ẹja. Bí ọ̀pá bá ń gbọ̀n tìntìn-tìn tí kò tẹ̀, ẹja wẹ́wẹ́ ló ń já ìdẹ yín jẹ.

Bí ó bá sì jẹ́ pé ẹja tẹ̀ ẹ́ dáadáa, okùn wá já, ẹ wo rílì. Bírékì rẹ̀ ti le jù. Ẹ fi ọwọ́ fa okùn: ó yẹ kó máa yọ jáde lábẹ́ agbára tó tó ìdá mẹ́rin tàbí mẹ́ta èyí tí okùn lè gbé, ìyẹn bíi pọ́n-ùn 4 sí 5 fún okùn pọ́n-ùn 15.

Nǹkan wúwo kan dì í mú, ó ń lọ díẹ̀díẹ̀, kò jà.

Ìjàpá omi ni, kì í sì í ṣe ti inú àlọ́. Snapping turtle lè gé ọwọ́ yín bàjẹ́, ọrùn rẹ̀ sì gùn dé ibi tí ẹ kò rò. Ẹ gé okùn ní ibi tó súnmọ́ ẹnu rẹ̀ dé ìwọ̀n tí kò léwu, kí ẹ jẹ́ kó lọ.

Ṣé irùngbọ̀n rẹ̀ ló ń ta èèyàn?

Irùngbọ̀n kò lè ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. Ó rọ̀ bí òwú. Ẹ̀gún mẹ́ta ni kí ẹ ṣọ́ra fún: ọ̀kan lórí ẹ̀yìn, ọ̀kọ̀ọ̀kan lára lẹbẹ ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Bí ẹ̀rù bá ba ẹja náà, á na wọ́n jáde, wọ́n á sì há gbọn-in. Ti ẹja kékeré ló mú jù; ti ẹja ńlá ti máa ń kú lẹ́nu.

Ẹ gbé àtẹ́lẹwọ́ sí abẹ́ ikùn rẹ̀, kí àtàǹpàkò wà lẹ́yìn ẹ̀gún ẹ̀gbẹ́ kan, kí ìka àárín wà lẹ́yìn èkejì. Bí ó bá gún yín, ẹ fi ọṣẹ fọ ojú rẹ̀, kí ẹ ki ọwọ́ bọ omi tó gbóná dé ibi tí ara lè gbà láìjó fún ìṣẹ́jú 30 ó kéré tán. Oró rẹ̀ kò le púpọ̀, ooru sì ń dín in kù. Bí ọwọ́ bá ń wú lọ́jọ́ kejì, tàbí bí ẹ̀gún bá kán sínú rẹ̀, ẹ lọ rí dókítà.

Kí ni mo máa bá pàdé nínú igbó etí odò?

Eégbọn, èsìsì àti ewé ẹlẹ́ka mẹ́ta.

Èsìsì tó wà lábẹ́ igi etí odò níbẹ̀ jẹ́ ìbátan tiwa gan-an, ó sì ń jóni bákan náà. Ṣòkòtò gígùn ló ni í. Ewé ẹlẹ́ka mẹ́ta ni poison ivy: ewé mẹ́ta lórí ẹ̀ka tín-ín-rín kan, ti àárín ní ọrùn gígùn ju àwọn yòókù lọ. Oje rẹ̀ ló ń mú ara yún, kì í sì í hàn lọ́jọ́ náà. Ẹ fi ọṣẹ àti omi tútù fọ̀ ọ́ kíákíá. Ẹ má fi í dáná láé. Èéfín rẹ̀ ń wọ ẹ̀dọ̀fóró.

Eégbọn ló léwu jù. Ẹ ki ẹsẹ̀ ṣòkòtò bọ inú ìbọ̀sẹ̀, kí ẹ fín permethrin, ìyẹn oògùn apakòkòrò, sára aṣọ, kì í ṣe sára awọ. Tí ẹ bá délé, ẹ yẹ abẹ́ àyà, abíyá, ẹ̀yìn etí, ìdí irun àti ìtan àwọn ọmọ wò. Bí ẹ bá rí èyí tó ti wọlé, ẹ fi ẹ̀mú kékeré mú un lẹ́bàá awọ pẹ́kípẹ́kí, kí ẹ fà á sókè ṣánṣán. Kò sí kẹrosíìnì, kò sí ìṣáná, kò sí Vaseline. Gbogbo ìyẹn ń fi àkókò ṣòfò. Èyí tó ń gbé àrùn Lyme sábà máa ń nílò ju wákàtí 24 lọ lára èèyàn kí ó tó kó o ràn án, ìyẹn ni kíkíá ṣe ṣe pàtàkì. Àwòrán inú ìwé máa ń fi hàn pé ojú ibẹ̀ ń pupa roboto. Lára awọ dúdú, ó lè rí bí ibi tí wọ́n gbá tó dúdú tàbí tó ní àwọ̀ àlùkò. Bí ibà àti oríkèé dídùn bá tẹ̀ lé e, ẹ sọ fún dókítà pé eégbọn bù yín jẹ.

Bí ẹ bá fẹ́ sùn síbẹ̀, igi ìdáná àdúgbò náà ni kí ẹ rà. Kòkòrò tó ń pa igi ash, tí wọ́n ń pè ní emerald ash borer, tí wọ́n rí ní Michigan ní 2002, inú igi ìdáná tí àwọn èèyàn gbé sínú mọ́tò ló gbà dé ọ̀pọ̀ ibi.

Odò yìí ha lè pa èèyàn bí?

Ó lè pa á dáadáa, ọ̀nà mélòó kan ni.

Àkọ́kọ́ ni ìdènà omi kéékèèké tó gba odò já, tí omi ń ṣàn kọjá lórí rẹ̀ bí aṣọ. Kò ga, ó lẹ́wà, ẹja pọ̀ nísàlẹ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n omi tó já bọ́ yẹn ń yí padà sẹ́yìn lábẹ́, ó ń fa ohun gbogbo padà sí ẹsẹ̀ ìdènà, ó ń rì í, ó ń gbé e sókè, ó tún ń rì í. Àwọn òṣìṣẹ́ tó wá gbani là ti kú síbẹ̀ rí. Ẹ dúró ní bèbè, ní ìsàlẹ̀ odò dáadáa sí i. Ẹ má wọ inú omi, ẹ má tu ọkọ̀ súnmọ́ ọn láti òkè tàbí láti ìsàlẹ̀.

Èkejì ni etí yanrìn. Omi dé kókósẹ̀, dé kókósẹ̀, lẹ́yìn náà ẹsẹ̀ kò kan nǹkan kan mọ́. Ọmọdé tó ń ṣeré níbẹ̀ gbọ́dọ̀ wọ aṣọ amúniléfòó, kódà tí omi bá hàn bí ohun tí kò jìn. Nínú ọkọ̀ tó ń lọ, òfin Iowa pàṣẹ rẹ̀ fún gbogbo ọmọ tí kò tíì pé ọdún 13.

Ẹ̀kẹta ni omi tó ń ga. Òjò tó rọ̀ ní káúńtì mẹ́ta sókè odò lè dé ọ̀dọ̀ yín lọ́jọ́ kejì lábẹ́ oòrùn gangan. Ẹ wo òṣùwọ̀n odò tí USGS, iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń wọn omi odò, gbé sórí íntánẹ́ẹ̀tì kí ẹ tó kúrò nílé. Ẹ gún igi kékeré kan mọ́ etí omi bí ẹ bá dé; bí omi bá ti kọjá rẹ̀ láàárín wákàtí kan, ẹ kó ẹrù. Ní oṣù Kẹfà 2008, odò Cedar ga kọjá ẹsẹ̀ bàtà 31 ní Cedar Rapids. Ọ̀tọ̀ ni ti ọdún yẹn, àmọ́ ó jẹ́ ká mọ ohun tí odò tó ń rìn jẹ́jẹ́ yìí lè ṣe.

Ààrá: ọ̀pá ìpẹja tí wọ́n fi graphite ṣe ń gba iná. Bí ẹ bá ti gbọ́ ọ, ẹ wọ mọ́tò, kí ẹ dúró ìṣẹ́jú 30 lẹ́yìn ìró tó gbẹ̀yìn. Yìnyín: íǹṣì 4 tó mọ́ gaara ni wọ́n ń sọ fún ẹni tó ń rìn lórí adágún. Lórí odò, ẹ gbàgbé rẹ̀, torí ìṣàn ń jẹ ẹ́ láti abẹ́.

Ẹja ń fò bọ́ sínú ọkọ̀ wa!

Silver carp ni. Ìró ẹ̀ńjìnnì ló ń dẹ́rù bà á. Wọ́n kó o wá sí Amẹ́ríkà láti Éṣíà láàárín ọdún 1970 sí 1979 láti fi fọ omi adágún ẹja mọ́, ó sá jáde, ó gba odò Mississippi àti odò Illinois. Ẹ dẹ eré ọkọ̀ sílẹ̀, kí ẹ bo ojú. Èyí tó tó pọ́n-ùn 10 lè ṣẹ́ imú. Ó ṣeé jẹ, ẹran rẹ̀ funfun, ẹ̀gún rẹ̀ ló pọ̀. Illinois sọ ọ́ ní copi ní 2022 kí àwọn èèyàn lè fẹ́ rà á. Ẹ má dá a padà láàyè sínú omi mìíràn, kí ẹ sì yọ ìdérí ìdí ọkọ̀ kí gbogbo omi dà jáde kí ẹ tó wakọ̀ kúrò níbẹ̀.

Ṣé mo lè fi ọwọ́ mú flathead nínú ihò?

Ní Missouri, òfin kò gbà á. Akọ tó ń ṣọ́ ẹyin lẹ máa fà jáde, ẹyin yóò sì ṣòfò.

Báwo ni mo ṣe máa gbé e délé kó má bàjẹ́?

Ẹ pa á lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kí ẹ gé ibi pupa tó fi ń mí lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí méjèèjì, kí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ dà jáde nínú omi fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó di inú kúlà: yìnyín nísàlẹ̀, ẹja, yìnyín lórí, kí ẹ ṣí ihò ìdí kúlà kí omi máa jò. Ẹja tó rì sínú omi yìnyín tó ti yọ́ máa ń rọ̀ bí oyin. Ẹran tí wọn kò jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ dà máa ń pọ́n, ó sì ń rùn bí ẹrẹ̀. Àwọn èèyàn á wá ní odò ló bà á jẹ́.

Ṣé ó dára láti jẹ?

Ó dára, pàápàá èyí tó wà láàárín pọ́n-ùn 1 sí 4. Èyí tó tóbi ti gbó, ó ti kó mercury àti kẹ́míkà PCB jọ fún ọdún pípẹ́. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀, kí ẹ dá a padà. Ìjọba ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ń tẹ àkójọ odò tí ó yẹ kéèyàn dín jíjẹ ẹja rẹ̀ kù. Bí odò yín kò bá sí nínú rẹ̀, ìmọ̀ràn ìjọba àpapọ̀ ni oúnjẹ kan lọ́sẹ̀ láti inú rẹ̀, láìfi ẹja mìíràn kún un lọ́sẹ̀ náà. Aboyún, ìyá ọlọ́mọ àti ọmọdé ló yẹ kó fiyè sí i jù.

Mo máa ń se ẹja pẹ̀lú awọ. Ṣé dandan ni kí n bó o?

Fún ẹja odò yìí, ẹ bó o. Abẹ́ awọ ni ọ̀rá wà, inú ọ̀rá ni PCB ń sá pamọ́ sí. Ẹ fi ọ̀bẹ gé awọ nìkan yí ọrùn ká, lẹ́yìn ẹ̀gún ẹ̀gbẹ́. Ẹ la ìlà kan sí ẹ̀yìn, ní ẹ̀gbẹ́ lẹbẹ. Ẹ di orí mú pẹ̀lú aṣọ, kí ẹ fi ẹ̀mú fa awọ lọ sí ìrù. Ó ń wá bí ìbọ̀sẹ̀. Ẹ ṣẹ́ orí sísàlẹ̀, ìfun á tẹ̀ lé e jáde. Ẹ wá gé ọ̀rá ofeefee abẹ́ ikùn dànù, àti ìlà pupa tó gba àárín ẹ̀gbẹ́ lọ. Òun ló ń mú òórùn ẹrẹ̀ wá.

Tó bá jẹ́ díndín, òróró gbọ́dọ̀ gbóná dé nǹkan bí 350 sí 375 Fahrenheit. Èyí tí kò gbóná tó, ẹja á mu ún bíi kànǹkàn. Tó bá jẹ́ ọbẹ̀, ẹ rántí pé ẹran rẹ̀ kò le bíi ti àrọ̀, kò sì sí awọ tó máa dì í mú mọ́. Ẹ jẹ́ kí ata kọ́kọ́ jinná, kí omi rẹ̀ fà, kí ẹ tó tò ó sínú rẹ̀. Ìṣẹ́jú 8 sí 10 ti tó fún un. Ẹ má ki ṣíbí bọ̀ ọ́. Ẹ di etí ìkòkò méjèèjì mú, kí ẹ mì í.